Àwọn Ọ̀dọ́ Wa àti Owó Ẹgbẹ́: Láti Ayé Rélùwéè ní Kàdúná Títí Dòní

  

Ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn ìdáwó láàárín àwa ọmọ Yorùbá ní Kàdúná. Mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ àwọn tó ti fi owó ńlá sílẹ̀ ni n óò máa tò lẹ́sẹẹsẹ, bí a ti máa ń ṣe. Àmọ́ bí mo ṣe jókòó ti ìwé, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 13 sí 19. Àwọn ló ń to àga lọ́jọ́ ìpàdé. Àwọn ló ń gbé omi àti mínírà káàkiri. Àwọn ló ń jó nígbà tí àwa bá ń kó owó jọ. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: nínú gbogbo owó tí ẹgbẹ́ ti dá láti ayé àwọn baba wa, ìgbà wo ni a bi ọmọdé léèrè rí bó ṣe yẹ kí a ná an?

BÍ A ṢE DÉ IBÍ

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtijọ́ bíi Zaria tàbí Kano. Òyìnbó ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ní 1913 ni Lugard bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ sétí odò tí ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó di 1917, ibùjókòó ìjọba Àríwá kúrò ní Zungeru, ó wá síbí. Àwọn Hausa máa ń sọ pé láti ara ọ̀nì, tí wọ́n ń pè ní kada, ni orúkọ odò náà ti wá. Rélùwéè ti kọjá níbẹ̀ kí ìlú tó dé. Ní 1912, ojú irin tó ti Èkó wá pàdé èyí tó ti Baro lọ sí Kano, ní Minna. Nígbà tó sì di àwọn ọdún 1920, èyí tó ti Port Harcourt wá náà já sí Kàdúná. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pe ibẹ̀ ní Junction.

Ojú irin yẹn ló gbé àwọn baba wa wá. Ọmọ Ọ̀fà wá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ọmọ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlọrin wá. Àwọn kan jẹ́ akọ̀wé, àwọn kan jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn kan jẹ́ káfíńtà àti télọ̀. Àwọn ìyá wa ń ta aṣọ, iyọ̀ àti oúnjẹ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Kaduna Textiles ṣílẹ̀kùn ní 1957, tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ mìíràn sì tẹ̀ lé e ní apá gúúsù ìlú, a tún pọ̀ sí i.

Àlejò ni gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá kú, kò sí ẹbí nítòsí tí yóò sin ín. Bí ìyàwó bá bímọ, kò sí ìyá ọkọ tí yóò wẹ ọmọ. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, kò ní oko tí yóò padà sí. Nítorí náà, ẹgbẹ́ di ẹbí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé. Ẹni tó bá pẹ́, a ó bu owó ìtanràn lé e. Akápò ní àpótí, akọ̀wé ní ìwé, olùyẹ̀wéwò sì ń ka owó lójú gbogbo ènìyàn.

Wọn kò gbàgbé ilé. Ẹ wo Offa Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ ní 1943. Offa Descendants' Union, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó wà nílé àti lẹ́yìn odi, ló dá a sílẹ̀. Ẹ wo Ogbomoso Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ ní 1952. Ìdáwó ọmọ ìlú wà nídìí òun náà. Àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ìwé mẹ́fà kà ló fi ṣílè àti pọ́n-ún kọ́ ilé ìwé gíga fún ọmọ tí wọn kò tíì bí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 19 ni ilé ìwé wọ̀nyẹn wà fún. Torí wọn ni àgbà ṣe ń dáwó. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn yẹn, ẹni tí à ń fún ni ọmọdé. Kò sí ibi tó ti jẹ́ ẹni tó ń fúnni.

NÍGBÀ TÍ Ọ̀DỌ́ NÍ ẸGBẸ́ TIRẸ̀

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí nílé Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí abúlé mọ àáró. Àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan yóò kó ara wọn jọ: oko tèmi lónìí, oko tìẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Ta ló pinnu oko tí a ó kọ́kọ́ ṣe? Àwọn ọ̀dọ́ náà ni. Ẹ mọ ọ̀wẹ̀ pẹ̀lú. Bí òrùlé arúgbó kan bá jò, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lọ bá a ṣe é. Bàbá kankan kò ní láti fọwọ́ sí i.

Ní Ìjẹ̀bú, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣì wà títí dòní. Àwọn tí a bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Awùjalẹ̀ Ọba Sikiru Adetona, tó jọba ní 1960 tó sì wàjà ní July 2025, ló tún ètò náà gbé dìde. Lóde òní, aṣọ àti ẹṣin ọjọ́ Ojúde Ọba ni gbogbo ayé mọ̀ nípa wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ náà a máa dáwó ṣe nǹkan fún ìlú, olúkúlùkù pẹ̀lú àpò tirẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí a dé ìlú òyìnbó kọ́? Owó oṣù ló ṣẹlẹ̀. Lóko, ọmọ ọdún 15 ní apá, ó lè roko, ó sì ní ohun tí yóò mú wá. Ní Kàdúná, bàbá nìkan ló ń gba owó oṣù, bàbá nìkan ló ní káàdì ẹgbẹ́, bàbá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ di ẹni tí à ń rán níṣẹ́.

Ilé ìwé àti ilé ìjọsìn gbìyànjú láti dí àlàfo náà. Boys' Brigade dé Èkó ní 1908, àwọn Síkáòtù tẹ̀ lé e ní 1915, Girl Guides dé ní 1919. Ní 1954, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Èkó kó ara wọn jọ, wọ́n dá Muslim Students' Society sílẹ̀. Lateef Adegbite, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ King's College nígbà náà, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn 1962 ni Interact tún dé, ẹgbẹ́ tí Rotary dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18. Òfin wọn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ méjì lọ́dún: ọ̀kan fún ilé ìwé tàbí àdúgbò wọn, èkejì fún ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Àwọn ẹgbẹ́ yìí kọ́ wa bí a ṣe ń sin ènìyàn. Mo jẹ́ Síkáòtù rí, n kò lè purọ́ mọ́ wọn.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà tí a kò rí kọ́ dáadáa. Nígbà ogun Hitler, ìjọba òyìnbó ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé ní Nàìjíríà máa ṣa èkùrọ́ kí a lè fi ran ogun lọ́wọ́. Wọ́n ṣa á, wọ́n pa á, wọ́n kó o fún tíṣà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá ogun náà kàn wọ́n. Mo ń bẹ̀rù pé irú ọwọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa fi mú ọmọdé títí di òní: mú un wá, ẹ ṣeun, ẹ máa lọ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA NÍ 1974

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ní 1974 mo jẹ́ ọmọ ọdún 16. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, Tudun Wada ni a sì ń gbé. Owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọdún kan ni. Àwa ọ̀dọ́ 14 nínú ẹgbẹ́ ìlú wa a máa ṣèpàdé tiwa lẹ́yìn ilé ọ̀kan nínú àwọn bàbá.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà láàárín wa tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún tó ṣáájú. Ó mọ ìwé ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò rí owó ìdánwò WAEC san. A pinnu pé a ó san án. A fọ mọ́tò, a ta ẹ̀pà, a ṣe eré orí ìtàgé kan nínú gbọ̀ngán ilé ìwé tí ènìyàn sì kún ún. Nígbà tí a ka gbogbo rẹ̀, ó jẹ́ ₦64. Ẹni tó bá mọ ayé ìgbà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré.

Àṣà ni pé kí á kó o lọ bá àwọn àgbà. A kó o lọ. Wọ́n gbàdúrà fún wa, wọ́n pàtẹ́wọ́, alága sì ní a ó ṣe ju àwọn lọ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, a dé ìpàdé, a rí àga tuntun onírin tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lẹ́yìn. Owó wa wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wá. Ọ̀rẹ́ wa kò ṣe ìdánwò lọ́dún náà, kò sì ṣe é mọ́.

N kò sọ pé wọ́n jí owó. Àga náà wà lóòótọ́, gbogbo wa la jọ jókòó lé e, ó sì wúlò níbi òkú àti ìgbéyàwó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn àgbà yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá mi. Wọ́n kàn gbà pé ọmọdé kò lè mọ ohun tó tọ́ láti fi owó ṣe ni. Nínú àwa 14, mẹ́ta péré ló wà nínú ẹgbẹ́ lónìí. Ikú mú àwọn kan, ọ̀nà jìn sí àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú Kàdúná yìí tí wọn kò yọjú.

Ọ̀rẹ́ wa yẹn ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri, títí tí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà kan tí mo ní kó máa bọ̀ ní ìpàdé, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí léèrè bóyá àwọn àga náà ṣì wà.

Ọ̀PỌ̀ ÌGBÀ TÍ ÌLÚ DÀRÚ

Bí àwa kò bá rí iṣẹ́ fún ọwọ́ ọmọ, ẹlòmíràn yóò rí i. Kàdúná ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìjà Zangon Kataf ní 1992 ràn dé ìgboro. Ní February 2000, lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà, iná jó, ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní May ọdún náà. Ní November 2002 ó jẹ́ torí ìdíje Miss World. Ní April 2011 ó jẹ́ torí ìdìbò. Ní gbogbo ìgbà náà, ta ló wà lójú títì? Ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn kò sì tíì kúrò nílé ìwé.

Gbogbo ayé mọ ìtàn Pásítọ̀ James Wuye àti Ímáàmù Muhammad Ashafa, ọmọ ìlú Kàdúná wa níbí. Àwọn méjèèjì ló darí ọ̀dọ́ ìhà tiwọn nígbà ìjà 1992. Pásítọ̀ pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ímáàmù pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ọmọ ẹbí rẹ̀ méjì. Ní 1995 wọ́n pàdé, wọ́n sì dá Interfaith Mediation Centre sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ìwé àdéhùn àlàáfíà Kàdúná ní 2002. Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀ lé wọn láti jà náà ni wọ́n padà wá bá fún àlàáfíà. Ọwọ́ kan náà ni. Iṣẹ́ tí a fún un ló yàtọ̀.

Ìdààmú wọ̀nyẹn pín ìlú sí méjì. Ọ̀pọ̀ Kristẹni kó lọ sí gúúsù odò, sí Sabon Tasha, Narayi àti Gonin Gora. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá, sí Tudun Wada, Rigasa àti Kawo. Àwa Yorùbá wá di ẹni tí odò là láàárín. Ìyá kan náà lè bí Sulaimon àti Samuel. Ọ̀kan ń gbé lókè odò, èkejì ń gbé nísàlẹ̀. Àwọn àgbà ṣì mọ ara wọn, torí a jọ gbé àdúgbò kan náà kó tó di pé ìlú pín. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn 2000 kò ní irú ìrántí yẹn. Ẹgbẹ́ wa jẹ́ ọ̀kan lára ibi díẹ̀ tí wọ́n ti lè jókòó pọ̀. Bí wọn kò bá rí ohun kan ṣe níbẹ̀ ju kí wọ́n to àga lọ, kí ni yóò mú wọn wá?

OHUN TÍ ÀWỌN ÌLÚ MÌÍRÀN ṢE

Níbi tí mo ti ń wá ìdáhùn, mo ka ìtàn ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àjọ W. K. Kellogg, tí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ kọnfíléèkì dá sílẹ̀ ní 1930, bá àwọn àpò ìdáwó ìlú kéékèèké ní ìpínlẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní: ẹ kó dọ́là méjì jọ, a ó fi dọ́là kan lé e, títí dé mílíọ̀nù kan dọ́là. Ṣùgbọ́n owó tí a bá fi lé e, ti àwọn ọ̀dọ́ ni. Ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú owó rẹ̀. Èrè orí rẹ̀ ni a ó máa ná lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ni yóò sì sọ ibi tí èrè náà yóò lọ.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rọrùn láti yé ènìyàn. Ìlú yóò yan ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ọdún 12 sí 21. Wọ́n yóò kọ́kọ́ jáde lọ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn léèrè ohun tó ń dààmú wọn: oògùn olóró ni, ìrònú àìnírètí ni, àìsí ibi ìṣeré ni. Lẹ́yìn náà wọ́n yóò kéde pé ẹgbẹ́ tó bá ní iṣẹ́ tó lè tán ìṣòro náà kí ó kọ̀wé wá. Wọ́n yóò ka ìwé náà, wọ́n yóò lọ wo ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú wọn, wọ́n yóò dìbò. Bí owó bá jáde, wọ́n yóò tún padà lọ wò ó bóyá a ṣe é. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ní 80 ní Michigan, àwọn ìlú mìíràn sì ti wò ó kọ́.

Èyí tó jọ tiwa jù ni ti Northern Ireland. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì fi pa ara wọn níbẹ̀, àwọn tó kú lé ní 3,500, títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn ní April 1998. Àwọn ìlú kan níbẹ̀ ní ògiri gíga láàárín àdúgbò kan sí èkejì. Bí àwọn ọdún 1990 ṣe ń parí lọ, wọ́n dá ohun tí wọ́n ń pè ní YouthBank sílẹ̀. Owó díẹ̀díẹ̀ ni, àwọn ọ̀dọ́ ló ń pín in fún iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ mìíràn fẹ́ ṣe. Bí àwọn ọmọ láti ìhà méjèèjì bá jókòó sídìí tábìlì kan náà, ohun tó wà níwájú wọn kì í ṣe ìbéèrè pé ta ló jẹ̀bi ogun baba wọn. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ìwé ìbéèrè mẹ́wàá nìyí, owó márùn-ún ló wà, àwọn wo ni a ó fún? Bí wọ́n bá fẹ́ dáhùn, wọ́n ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn.

OHUN TÍ ÀWA DÁN WÒ

Kí n tó sọ èyí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní 2009, èmi ni akápò. Àwọn ọ̀dọ́ wá bá mi pé kí a fún àwọn ní ìdá mẹ́wàá nínú owó ìkórè ọdún láti fi ṣe iṣẹ́ kan. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ kàwé yín ná." Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí àga onírin. Èmi tí wọ́n ṣe é sí ní 1974 ni mo tún ṣe é sí ọmọ ẹlòmíràn.

Ọdún mẹ́fà kọjá kí n tó rí ọ̀nà tún un ṣe. Ní 2015, ẹgbẹ́ gbà láti ya ₦120,000 sọ́tọ̀ fún ìdánwò. A yan ọmọ mẹ́sàn-án, láti ọdún 14 sí 18. Márùn-ún jẹ́ obìnrin. Mẹ́rin wá láti òkè odò, márùn-ún láti ìsàlẹ̀. Mùsùlùmí àti Kristẹni sì ni wọ́n. Àgbà méjì ń jókòó tì wọ́n, ṣùgbọ́n àgbà kò ní ìbò. Iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gbà ju ₦30,000 lọ. Bí ọ̀ràn bá kan ẹbí ọmọ ìgbìmọ̀ kan, yóò bọ́ síta títí wọn yóò fi dìbò tán.

Àwa àgbà ti rò pé owó ilé ìwé ni wọn yóò san fún àwọn ọmọ tálákà. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn léèrè. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ yà wá lẹ́nu. Nílé ìwé kan, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kì í wá ní ọjọ́ bíi mélòó kan lóṣooṣù. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kò ní ilẹ̀kùn, kò sì sí omi. Bàbá kan nínú wa ní irú ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ ká máa sọ ọ́ níbi ìpàdé. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a kò bá lè sọ ọ́ níbí, ibo la ti fẹ́ sọ ọ́?" Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n fi ₦28,000 ṣe ilẹ̀kùn méjì pẹ̀lú àgádágodo, wọ́n ra dúrọ́ọ̀mù omi, ike ìbomi àti ọṣẹ. Láti ìgbà tí a ti wà ní Kàdúná, àwa àgbà kò ronú kan ilẹ̀kùn rí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Wọ́n fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ₦25,000 láti ra bọ́ọ̀lù àti bàtà fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Owó lọ, bàtà kò dé, rìsíìtì kò sí. Ọ̀rẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ló darí ẹgbẹ́ náà, kò sì sọ fún àwọn yòókù kó tó dìbò. Mo rò pé wọn yóò bò ó mọ́lẹ̀. Wọn kò bò ó. Wọ́n pe ìpàdé fúnra wọn, ọmọ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: iye owó, ohun tí wọn kò ṣe kó tó jáde, ohun tí wọn yóò máa ṣe láti ìgbà náà lọ. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri gbọ̀ngán. Láti ọjọ́ tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́, n kò rí ìgbà kan tí àwa àgbà lẹ àṣìṣe wa mọ́ ògiri.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọmọ ń dàgbà jáde, àwọn mìíràn ń wọlé. Ní 2020, àrùn kòrónà dé, ìpàdé dúró. Owó tó kù nínú àpò wọn, a dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ láti fi ra oúnjẹ fún àwọn opó àti arúgbó. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàdé padà, àpò àwọn ọ̀dọ́ kò padà. A kò bi wọ́n léèrè kí a tó kó o. Àga onírin tún ni.

ÀSỌKÁGBÁ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́; èmi náà wà nínú ẹjọ́. Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti máa ń rò pé ìwé ni à ń sọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó náà wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ láti mú owó wá nìkan, tí a kò kọ́ bí a ṣe ń pinnu, tí a ń ṣírò, tí a ń jíhìn, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ àpótí bá já lé e lọ́wọ́? Ọjọ́ náà kò sì jìnnà. Ẹ wo orí wa nínú gbọ̀ngán yìí. Ewú ló pọ̀ jù.

Nítorí náà, mo bẹ ìpàdé gbogboogbò fún nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí a dá owó àwọn ọ̀dọ́ padà, iye tí a kó ní 2020, kí a sì fi kún un, torí náírà ìgbà yẹn kọ́ ni ti òní. Èkejì, kí a yà á sí àkáǹtì tirẹ̀, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án fún ohunkóhun, bó ti wù kí ohun náà dára tó, láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ náà máa wá láti òkè odò àti ìsàlẹ̀ odò lọ́gbọọgba, kí Sulaimon àti Samuel lè mọ ara wọn kó tó di pé ẹlòmíràn fi ìbẹ̀rù pàdé wọn.

Wọn yóò ṣàṣìṣe. Àwa náà ṣe é. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní ti ọ̀rẹ́ wa ọjọ́ kìíní, mo ti fún un ní ìwé yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ní òun yóò wá sí àpérò lọ́dún yìí. Bí ẹ bá rí bàbá kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò tètè jókòó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àga fún un.